Chocho Ọjọ́ Kẹta

Èmi Zenobia Cochachin ni mo kọ ìlà tó ba orúkọ Màmá Fausta jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má wá ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú ìwé oúnjẹ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ilé ìwádìí kékeré kan ní ìlú Huaraz. Gbogbo oúnjẹ òkè wa ló wà níbẹ̀. Ìlà kan ni fún oúnjẹ kan: bí purotéènì inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, bí ọ̀rá rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti bóyá nǹkan búburú wà nínú rẹ̀. Ní ìparí ìlà, a máa ń kọ orúkọ ẹni tó fún wa ní oúnjẹ náà, ká fi yẹ́ ẹ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ dókítà, ìbáà jẹ́ alásè, ìbáà jẹ́ àwọn ará Bolivia. Ogójì ibi ló ń mú un lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí chocho. Ẹ̀wà funfun ni, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń ti oko bọ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á fi òkúta tẹ àpò náà mọ́lẹ̀ sínú odò tó ń ṣàn. Ọjọ́ mẹ́fà, nígbà mìíràn méje. Kò sí aago tó ń sọ pé ó ti tó. Àgbàlagbà ló máa fi hóró kan sẹ́nu. Bó bá ṣì korò, á tu ú dànù, àpò á padà sómi.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo lọ sí Pampacancha, abúlé ìyá mi, láti gba chocho lọ́wọ́ Màmá Fausta Rurush tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọjọ́ kẹta ni mo bá àpò nínú odò. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì ń dúró dè mí ní Huaraz ní ọjọ́ Ajé, bí mo bá pàdánù rẹ̀, ó di oṣù méjì. Mo ká ṣòkòtò, mo wọ odò, mo fa àpò jáde.

Màmá Fausta figbe ta. “Ìwọ ọmọ yìí, kò tíì tó! Ṣé Huaraz ti jẹ́ kó o gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fọ chocho ni?”

“Màmá, ẹ̀rọ ló máa jẹ ẹ́, kì í ṣe ènìyàn.”

“Tọ́ ọ wò kó o tó gbé e lọ. Hóró kan péré.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo bu díẹ̀ sínú ike, mo sáré bá ọkọ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, mo kọ ọ́ sínú ìwé: *Chocho, a ti sè é, a ti fọ̀ ọ́. Láti ilé ìdáná Fausta Rurush, Pampacancha.* Ọmọ ibẹ̀ ni mí o! Àlejò ì bá béèrè. Èmi rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ọdún yìí ni àwọn tó ń ṣètò oúnjẹ ilé ìwé ka ìlà yẹn. Wọ́n rí iye oró tó wà níbẹ̀. Lẹ́tà dé Pampacancha pé wolé-wolé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti lé chocho kúrò nínú ìkòkò, kí bisikíìtì inú páálí sì rọ́pò rẹ̀. Orúkọ Màmá Fausta wà nínú lẹ́tà náà gbangba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti ń sọ pé ó ń fún ọmọ wọn ní májèlé. Ẹni tó ti lo ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́!

Ó pè mí lórí fóònù. Kò kígbe.

“Zenobia, wọ́n ní orúkọ mi wà nínú kọ̀mpútà rẹ.”

“Màmá, mo rántí ọjọ́ kẹta.”

“Èmi náà rántí. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ọmọ wa ni ọ́.”

Ìtìjú bá mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ náà. A se chocho tuntun, a rì í sómi, ọjọ́ méje gbáko ni mo fi ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú omi tútù tó ń géni lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ keje, Màmá Fausta tọ́ ọ wò, ó ní ó ti tó. Mo gbé e lọ sí Huaraz. Ẹ̀rọ wò ó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oró kankan nínú rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé èsì náà síwájú ọ̀gá mi, Baldomero Tarazona.

Ó kà á, ó dà á dé. “Fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bí a bá sọ pé a ṣàṣìṣe lórí chocho, ta ló máa gbà wá gbọ́ lórí pòtétò?”

“Ọ̀gá, ẹ sọ ìdí rẹ̀ gan-an. Àwọn oníbisikíìtì ló ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun yẹn fún wa.”

“Ṣọ́ ẹnu ẹ!”

“Mo ti ṣọ́ ọ fún ọdún mọ́kànlá.”

“Àṣẹ ni mo pa. O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìlà yẹn.”

“Mo gbọ́ àṣẹ yín, Ọ̀gá. Mi ò ní tẹ̀ lé e.”

Mo jókòó sídìí kọ̀mpútà lójú rẹ̀. Mi ò pa ìlà àtijọ́ rẹ́. Mo tún orúkọ rẹ̀ kọ: *Chocho ọjọ́ kẹta, kò tíì ṣeé jẹ.* Mo kọ ìlà tuntun sábẹ́ rẹ̀ fún ti ọjọ́ keje. Lẹ́yìn náà mo kọ àlàyé: *Zenobia Cochachin ló yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú omi kí àkókò tó tó. Fausta Rurush kìlọ̀ fún un. Kò gbọ́.*

Ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi. “Pa á rẹ́.”

“Ẹ pa á rẹ́ fúnra yín. Ṣebí ẹ mọ̀ pé ìwé wa máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá yí nǹkan padà, gbogbo ayé ló sì ń rí i? Ó yá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ Baldomero Tarazona níbẹ̀.”

Kò jókòó. Ó na ọwọ́, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wá. Mo gbé e lé tábìlì. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ dé òpópónà, ìlà tuntun ti ń lọ sí ogójì ibi tí ti àkọ́kọ́ ti lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé ogún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wolé-wolé dé Pampacancha pẹ̀lú páálí bisikíìtì nínú ọkọ̀. Mo ti dé síbẹ̀ láàárọ̀, mo sì wà láàárín àwọn òbí tó pé jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Melchora, aládùúgbò tó pariwo májèlé jù lọ, ló gba iwájú. Wolé-wolé ṣí fóònù rẹ̀ kó lè fi ìlà náà hàn wọ́n. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá kà á sókè.

“Ta ni Zenobia Cochachin?”

“Èmi ni.”

“O kọ ọ́ síbí pé wọ́n kìlọ̀ fún ẹ, o ò gbọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ojú ò tì ẹ́?”

“Ó tì mí gan-an. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn.”

Màmá Fausta kọjú sí aládùúgbò rẹ̀. “Melchora, ṣé o gbọ́ àbí kó tún un kà?”

“Kó tún un kà,” ni Melchora wí, ó ń wo ilẹ̀. “Etí kan ń dùn mí.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wolé-wolé fa ìlà gbọọrọ gba orí ìwé àṣẹ tó mú wá, ó sì kó páálí rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ ti tò sídìí ìkòkò.

Mo sọ fún Màmá Fausta pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò kẹ́dùn fún mi. Ó mú hóró chocho kan nínú abọ́, ó gbé e síwájú mi.

“La ẹnu.”

Mo la ẹnu. Ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

“Ó korò?”

“Kò korò, Màmá.”

“Ó dáa. Ó ṣeé gbé lọ báyìí.”