Ẹni Tó Ń Dáhùn Nínú Àpáta

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí, máa bó o lọ. Etí yín ni mo fẹ́ yá, n kò yá ọwọ́.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ń gun Àpáta Àsálà lẹ́yìn Ìdèrè, igbá ẹ̀kọ àti àkàrà lórí, orin lẹ́nu. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá dé inú ihò òkè yẹn lónìí, òun kò ní í lè gùn ún mọ́.

Inú ihò náà ni àwọn baba ńlá wọn sá sí láyé ogun. Àgbà ní í kọ́kọ́ wọlé. Àwọn yòókù á dúró lóde, wọn á kọrin; bí àgbà kò bá dáhùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ogun ti lọ, òfin náà kò lọ. Lọ́mọdé, Ṣàngótọ́lá àti Ifátóbi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, ní í dáhùn. Òun ní í kọrin.

Ó dé ẹnu ihò, ó gbé igbá kalẹ̀.

"Ẹ̀yin ará inú àpáta,
òjò ń bọ̀, èmi nìkan ni mo wà lóde."

Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún un kọ. Àdán kan fò jáde. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, ṣùgbọ́n ta ló kù nílé?

Obìnrin kan tó ń sá láfún sórí àpáta gbójú sókè. Ṣàkírát lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ kú orin o, Màmá. Ta lẹ ń pè?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ṣé wọ́n wà nínú ibẹ̀ ni?"

"Inú ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ọyẹ́ èṣí la sin èyí tó kẹ́yìn."

Àfi bí òjò ṣe ṣú, tí àrá sán. Ṣàkírát sáré kó láfún sínú àpò.

"Màmá, ẹ wọlé, kí n lè kọrin!"

"Èmi kẹ̀? Àbíkẹ́yìn ni mí!"

"Àbíkẹ́yìn ta? Pẹ̀lú irun tó funfun bí òwú yìí? Ṣé èmi ni kí n ṣáájú yín ni? Ẹ jọ̀ọ́, láfún mi á rẹ o!"

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ọ̀hún gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún ìró ró, ó tẹrí ba, ó wọlé.

Òkùnkùn. Òórùn àdán. Ó yí padà, ó rí ẹnu ihò tó mọ́lẹ̀, ó sì rí ènìyàn kan tó dúró síbẹ̀, tó kéré, tó ń dúró de ohùn. Báyìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n òun ṣe máa ń rí òun nígbà náà.

Ṣàkírát kọrin, kò mọ ohùn orin náà dáadáa. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ dá a lóhùn.

"Iná ń bẹ, omi ń bẹ,
wọlé wá, ọmọ ìyá wa."

Ó wo àyíká rẹ̀. Kò sí iná. Kò sí omi. Kò jọ pé iná tàbí omi fìgbà kan wà níbẹ̀ rí.

Ṣàkírát wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ṣí igbá. Oúnjẹ ẹni mẹ́ta ló ti dì wá láìronú. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá. Nígbà tí òjò dá, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ikùn tó yó.