Tófínmi, Sọ̀ Kalẹ̀ Wá

Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ dára o, ṣùgbọ́n òun náà ló pa Catherine lẹ́kún. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ nílùú Aládé, ẹni tó bá pa àlọ́ kì í ní òun lòun dá orin inú rẹ̀. Agbéraga ni wọ́n á pè é. Nígbà tí Ayọ̀túndé, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń bá àwọn tó ń ṣe fíìmù kàtúùnù ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wá gba àlọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, tó sì bi í pé ta ló ni orin yẹn, ẹ̀rín ló rín.

“Èmi kẹ̀? Àwọn àgbà ló ni ín.”

Irọ́ funfun. Òun ló ni ín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ibà pa Jésùtófínmi, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà. Ọmọ yẹn fẹ́ràn àpáta ẹ̀yìnkùlé ju oúnjẹ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ a dúró nísàlẹ̀, a fi orin pè é: “Tófínmi, sọ̀ kalẹ̀ wá o.” Ọmọ náà a sì gbè é látòkè: “Ilẹ̀ ń ṣú.” Wọn ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Catherine fi orin náà sínú àlọ́, kí àwọn ọmọdé lè máa pe orúkọ tí òun ò lè pè mọ́ láìsunkún.

Fíìmù tí wọ́n fi àlọ́ náà ṣe jáde nígbà Kérésì. Catherine gbé tẹlifísọ̀n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ. Ọmọ ọba kan gun òkè, ìyá rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó fi ohùn dídùn kọ ọ́: “Adéṣewà, sọ̀ kalẹ̀ wá o.”

Catherine ń retí pé wọ́n á padà pe Tófínmi. Wọn ò pè é. Nígbà tó parí, wọ́n to orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ títí dórí ẹni tó se oúnjẹ fún wọn. Níbi orin, “orin ìbílẹ̀” ni wọ́n kọ.

Ó pe Ayọ̀túndé lójú ẹsẹ̀. “Kí ló dé tẹ́ ẹ yọ Tófínmi kúrò?”

“Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ní àwọn àgbà ló ni ín. Ohùn yín wà lọ́wọ́ mi. Ta ló tiẹ̀ ń jẹ́ Tófínmi?”

Catherine pa fóònù. Ẹyin lohùn. Inú bí i sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù: ta ló sọ fún un rí?

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ gun àpáta ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń kọ orin fíìmù. Catherine jáde sí wọn.

“Tófínmi ni o! ‘Tófínmi, sọ̀ kalẹ̀ wá.’”

Joanna, ọmọ aládùúgbò rẹ̀, rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. “Ẹ ti ṣì í, Màmá. Adéṣewà ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Èmi á dá a, kẹ́ ẹ máa gbè é.”

Ọmọ náà dá a. Catherine wò ó lókè níbẹ̀, ó sì gbè é: “Ilẹ̀ ń ṣú.”