Àpótí Inú Èéfín

“Àṣìkẹ́, ṣé o ti dárí jì mí?”

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Mákindé jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń yan gàrí. Kò dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìtìjú ti mú ohùn ọkùnrin náà wálẹ̀, igbá sì ń dún ṣàà, ṣàà, nínú agbada.

Òun ló rọ ìyàwó rẹ̀ títí tó fi gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ etí. Láti kékeré ni etí òsì Àṣìkẹ́ ti ń ṣọyún. Dókítà l’Ábẹ́òkúta ní ẹran kan ti hù lẹ́yìn awọ etí, ó ń jẹ egungun ibẹ̀ lọ. Àwọn lè gé e kúrò, àmọ́ ó lè mú ìgbọ́ràn dání lọ. Ẹ̀rù ba Àṣìkẹ́. Mákindé ní, “Kò ní ṣẹlẹ̀.”

Ó ṣẹlẹ̀. Ọyún gbẹ, etí òsì dákẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n tọ̀tún ṣì ń gbọ́, ìyẹn ni Mákindé fi gbà pé ìyàwó òun gbọ́, kò kàn fẹ́ dáhùn ni.

Lọ́jọ́ kejì, Àṣìkẹ́ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí òdìkejì ààrò, inú èéfín gan-an. Ta ní í yan gàrí nínú èéfín ní Ilobi? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá là ń jókòó sí.

Sẹ̀kínát, aládùúgbò wọn tó wá ra gàrí, pariwo: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹja ni yín tí ẹ fi ń yan ara yín mọ́ gàrí?”

Àṣìkẹ́ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ ìdí.

Mákindé gbé àpótí náà padà sí àyè rẹ̀. Kó tó bu omi mu, obìnrin náà ti dá a padà sínú èéfín. Ọkàn Mákindé bàjẹ́. Ṣé ó kórìíra òun tó báyìí, tí kò fi lè jókòó síbi tí òun ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́?

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kùn sí ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́: “Obìnrin yìí, èéfín wù ú jù mí lọ.”

“Irọ́ ni, Bàbá Dárasími,” ni Àṣìkẹ́ wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí agbada. “Ẹ máa sọ tó kù. Mo ń gbọ́.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Mákindé. Ó wo ìyàwó rẹ̀ láàárín èéfín: ojú ti pọ́n, omi ń dà níbẹ̀ wálẹ̀. Etí òsì ti wà níhà ògiri báyìí. Etí ọ̀tún ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí òun jókòó sí gan-an.