Ẹni Tó Ta Òwú Ló Ń Hun Kẹ́yìn

Nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ní Saint-Alphée, ẹni tó bá ta òwú gígùn tí gbogbo wa máa pín hun sórí òfì ló ń hun kẹ́yìn. Wọ́n ní òun ló mọ bí a ṣe ń parí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ta á, ẹnìkan ò sì tíì sọ pé kí n kọ́kọ́ jókòó rí.

Lọ́dún tó kọjá, kúbùsù ìyá mi ni mo fẹ́ hun. Ilé àwọn arúgbó ni Màmá wà, òtútù ti ń mú wọn dé eegun, wọn ò sì fẹ́ aṣọ ilé ìtajà.

Wọ́n ní, "Fernande, ti òfì ẹgbẹ́ wa ni kó o hun fún mi, kí yìnyín tó dé."

Mo ta òwú ènìyàn mẹ́fà, ọ̀pá mẹ́ta-mẹ́ta, mo fi ọ̀pá méjì lé e. Òfì yẹn fẹ̀ ju ibùsùn tọkọtaya lọ. Ghislaine, olórí ẹgbẹ́, ń yí igi ẹ̀yìn òfì tí òwú ń wé mọ́, èmi di òwú mú kó le dáadáa, títí ọwọ́ mi fi bó. Mo so òwú pupa mọ́ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan parí sí, kí kálukú lè mọ ibi tóun máa dúró.

Nígbà tó kàn mí ní oṣù kọkànlá, ìdí òwú ti ń yọjú lẹ́yìn òfì, òwú ti fẹ́ tán. Àwọn òwú pupa mi wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

"Ghislaine, ta ló hun kọjá ìpín ẹ̀?"

"Lise ló hun ṣáájú, o sì mọ bí ọkọ ẹ̀ ṣe ga tó. Èmi náà fi díẹ̀ kún tèmi."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ṣebí ìwọ lo ta á. Bóyá o ò wọ̀n ọ́n pé."

Àwọn tó kù ń mu kọfí wọn lọ. Wọ́n rẹ́ mi jẹ, wọ́n tún dá mi lẹ́bi. Inú bí mi gan-an, síbẹ̀ mo hun èyí tó ṣẹ́ kù.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀. Kò ju orúnkún lọ.

"Ṣé ẹni tó ta òwú ni wọ́n ṣì ń fi sẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi ni mo dá òfin yẹn sílẹ̀. Ìyàwó Thibodeau ló ń ta á nígbà yẹn. A máa ń jẹ nínú ìpín tiẹ̀ náà."

Màmá fa kúbùsù náà dé àyà, ẹsẹ̀ wọn yọ síta. Mi ò bá wọn bò ó.