Ojú Èékánná Lára Obì

Olanma ń yí obì lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé. Okwudili, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ yàn, ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n wá tọrọ Olanma. Obì kan ṣoṣo ló kù nínú ilé, ìlà awẹ́ rẹ̀ kò sì hàn rárá.

Bó bá jẹ́ obì odi ńkọ́? Obì tí kò láwẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Nimo, ìlú wọn, nítorí kò lè bá àwọn baba ńlá sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ló jáde lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ Uloaku, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń mu ẹmu wọn nìṣó. Kò pẹ́ tí àfẹ́sọ́nà Uloaku fi kú sábẹ́ lọ́rì. Láti ìgbà náà, Uloaku kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Olanma wẹ̀yìn. Ó fi èékánná gígùn tó kùn ní pupa nítorí Okwudili họ obì náà, bóyá ìlà á yọ. Ìlà kò yọ. Ojú èékánná ló kù síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ tó já: obìnrin kì í pa obì, òun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á!

"Olanma! Ṣé o ń gbin obì ọ̀hún ni?" Ohùn Mazi Anyaegbu nìyẹn, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà.

Ó gbé e wọlé. Obì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sí òmíràn, bó ṣe gbọ́dọ̀ rìn kó tó padà sọ́dọ̀ onílé.

"Mazi, ẹ ṣe kíá o," ni àgbà àlejò wí. "Ebi ti sọ gbogbo wa di obì odi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àtàǹpàkò Okwudili dúró lórí àpá náà. Ó gbójú sókè wo Olanma. Ojú tó máa ń mú kí ara rẹ̀ yọ́ bí òrí! Lónìí, ìbá wù ú kó wo ibòmíràn.

Nígbà tí obì padà dé ọwọ́ Mazi, ó gbé ọ̀bẹ, ó rí àpá náà, ó dúró.

"Ta ló ti ń pa obì yìí kí n tó gbàdúrà?"

Àgbà àlejò fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀. "Bó bá jẹ́ obìnrin ni, àwa ń lọ sílé."

"Èmi ni, Bàbá," ni Okwudili wí. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Èékánná mi ló yọ̀."

"Gbé ọwọ́ wá."

Ọwọ́ mẹkáníìkì ni. Èékánná rẹ̀ kúrú títí dé ẹran. Mazi wò ó pẹ́, ó wá yíjú sí Olanma, ẹni tó ti kó ìka rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

"Mẹkáníìkì tí ọwọ́ ń gbọ̀n," ni Mazi wí, "ta ni yóò gbé mọ́tò fún un?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mazi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbàdúrà, ó ki ọ̀bẹ bọ obì. Olanma dijú.

"Awẹ́ mẹ́rin! Eke, Orie, Afo, Nkwo, ọjọ́ ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé!" ni Mazi kígbe.

Bí wọ́n ṣe ń pín in, Mazi fa Olanma mọ́ra. "Lọ gé èékánná yẹn kí wọ́n tó pè ọ́ wá gbé ife ẹmu fún Okwudili. Lọ́la, ìwọ àti ọkọ rẹ ó mú àkùkọ wá, ká fi bẹ àwọn baba wa."

Ọkọ rẹ! Ó sáré wọ kíṣìnnì, ó mú abẹ. Uloaku, tó ń se oúnjẹ níbẹ̀, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Awẹ́ mélòó?"

"Mẹ́rin."

Uloaku mi orí bí ẹni tó ní ó dára, ó di ìka àbúrò rẹ̀ mú. "Mẹ́rin," ni òun náà tún wí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná pupa náà.