Ìgò Fọjúmọ́

Ayùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi tan ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì wà lórí pákó. Ó gé ìka àárín mi sí méjì. Mo rí èyí tó gé nílẹ̀, nínú eruku pákó. Mo mú èèpo igi kan tó wà nítòsí, mo fi gbá àbúrò mi lójú.

Ìtì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé bí ó bá dúró síbì kan, ènìyàn mẹ́rin ni yóò gbé e kúrò. Ó ṣubú lọ́jọ́ náà. Èèpo yẹn ti wà nínú òjò fún oṣù méjì, ó ti bu. Èérún rẹ̀ kan wọ ojú òsì rẹ̀. Mo fi etí aṣọ yọ ọ́. Ọwọ́ mi kejì ń da ẹ̀jẹ̀.

A kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé a jà. Ọmọ ìyá ni wá.

Òfin kan wà ní ilé ìlagi wa. Láràárọ̀, ọ̀gá máa ń dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á wo ojú gbogbo wa. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ilé yá. Ojú pípọ́n, ọtí ni tàbí àìsùn. Ayùn kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

"Lọ sùn," ni ọ̀gá máa ń sọ. "Pákó tí mò ń là níbí kì í ṣe ti pósí."

Òfin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àwa òṣìṣẹ́ ní ìgò kékeré kan lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù epo. Fọjúmọ́ la sọ ọ́. Bí o bá kán an sójú lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ti funfun.

Lọ́jọ́ kejì, ojú Ìtì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo kán Fọjúmọ́ sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kó wọlé. Inú mi dùn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi kán an.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ń fi orí gbá ògiri. Mo fi ipá ṣí ipénpéjú rẹ̀. Àmì funfun kan wà lórí dúdú ojú, etí rẹ̀ rí wúruwùru, bí ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tó bu.

Dókítà ojú tí mo mú un lọ bá jẹ́ obìnrin kékeré, kò ga dé èjìká Ìtì. Ó kán oògùn tí ń mú ojú kú tipiri, ó ní kí n di orí rẹ̀ mú, ó fi abẹ ha àmì náà. Ó gbé èyí tó ha lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ le.

"Kí lẹ kán sí i?"

Mo yọ Fọjúmọ́ lápò. Ó kà á lára, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

"Bàbá, ojú tó pọ́n yẹn, ohun tí ń hù lára nǹkan tó bu ló ń bá jà. Olè wọlé, ẹ wá lọ de onílé lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń pariwo. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá."

"Ṣé yóò fọ́?"

"Tí ẹ bá tún kán eléyìí sí i, yóò fọ́. Oògùn tèmi ni, wákàtí wákàtí. Yóò pọ́n, yóò wú, yóò dùn ún. Ẹ jẹ́ kó pọ́n. Nígbà tí ohun tí ń hù yìí bá kú tán, èmi ni màá sọ bí a ó ṣe mú wíwú náà wálẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ó fún un ní oògùn ìrora. Kò tó.

Lọ́jọ́ kẹrin tí a ti ọ̀dọ̀ Dókítà dé, mo pọn omi dé, mo bá Ìtì lórí ibùsùn, ó gbórí sẹ́yìn, ìgò Fọjúmọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lọ sí ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n ti ra òmíràn.

"Gbé e sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kán kan péré."

"Gbé e sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kán an! Ṣé ó wá dèèwọ̀ lónìí?"

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀. Ìgò kò bọ́. Ó fi orí kàn mí nímú, imú ṣẹ́. Ó gbé mi, ó là mí mọ́ tábìlì, ẹsẹ̀ tábìlì yọ. Ó bu èjìká mi jẹ. Mo mú ẹsẹ̀ tábìlì, mo gba ọ̀tún, ó dínà. Mo bá gba ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí kò ti lè rí mi. Ìwà ìkà ni. Mo hù ú. Orúnkún rẹ̀ ni mo lù. Ìtì ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Mo tẹ ìgò náà fọ́. Mo jókòó lé e láyà, mo ṣí ojú náà, mo kán oògùn Dókítà sí i. Ẹ̀jẹ̀ imú mi ń kán sí i lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí ojú yìí bá là, màá lù yín lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Mo fi ìyá wa búra."

"Kó là ná."

Ọ̀gá wá kí wa. Ó wo imú mi, ó wo orúnkún Ìtì, ó wo tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀yin méjì nìkan lẹ ń gbé níbí, àbí ẹ̀ ń sin àmọ̀tẹ́kùn?" Mo sọ̀rọ̀ ìgò fún un. Lọ́jọ́ kejì, dúrọ́ọ̀mù epo kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Àmì náà sún kì, ó kéré, ó ku bí èéfín díẹ̀. Dókítà ní kí Ìtì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ó ní kí n lọ dúró lẹ́bàá ògiri, kí n na ìka sókè. Mo na mẹ́ta.

"Mélòó?"

Ìtì na ọrùn síwájú.

"Méjì àbọ̀," ni ó wí.

Dókítà bojú wo ọwọ́ mi, ó rí èyí tí ayùn gé. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìtì dìde. Kò ṣí ojú ọ̀tún. Ó yà fún àga, ó yà fún tábìlì irinṣẹ́. Mo rí ẹ̀ṣẹ́ náà bí ó ti ń bọ̀. N kò yẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Eyín kan wà lórí ahọ́n mi. Dókítà ń pariwo pé kí ẹnì kan sáré wá.

Mo tu eyín náà sọ́wọ́.

"Ẹ má pariwo, Dókítà," ni mo wí. "Kò tàsé."