Wọn Kì Í Kúnlẹ̀ Nílé Màmá Nirmala

Ọjọ́ tí Ràdíátù kọ́kọ́ dé ilé Màmá Nirmala ní Marzahn nílẹ̀ òyìnbó láti máa tọ́jú rẹ̀, bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

Ojú màmá ará Íńdíà náà yí padà. "Dìde! Wọn kì í kúnlẹ̀ nílé mi!" Ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú.

Ràdíátù jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn kú láìfojú kàn án mọ́. Ó ti rò ó pé bí òun bá rí àgbàlagbà kan ṣìkẹ́ níbí, ọkàn òun á fúyẹ́ díẹ̀. Ó ti bà á jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó pe Àǹtí Hàfúsátù, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Veddel ní Hamburg.

"O kúnlẹ̀, ó wá bínú? Padà lọ bi í ohun tó dé. Orí ìdúró ni kó o ti bi í o, ọmọ yìí!"

Ó padà lọ, ó dúró ṣánṣán bí òpó, ó sì bi í ohun tó dé. Màmá wò ó títí, ó ní kó wọlé, ó sì fi fọ́tò ọkùnrin kan hàn án.

"Bàbá mi nìyí. Ó ní kí òyìnbó fi ilẹ̀ wa sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Láràárọ̀ ni wọ́dà ń ní kó kúnlẹ̀, kò kúnlẹ̀. Wọ́n nà án títí orúnkún rẹ̀ fi bà jẹ́. Ọ̀pá ló tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Hamburg. Ó wù mí kí n fojú kan ibẹ̀ kí n tó kú."

"Àǹtí mi ò jìnnà síbẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ní Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró létí omi. Màmá da òdòdó aláwọ̀ ìyeyè sómi. Ibẹ̀ ni okùn bàtà rẹ̀ ti tú. Ràdíátù ò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, ló bá tẹ̀ kọdọrọ kó lè so ó, ìdí lókè.

Àǹtí Hàfúsátù bú sẹ́rìn-ín. "Wo bó ṣe ṣe bí ewúrẹ́ tó ń mumi!"

Màmá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ta ló ń ní kẹ́ ẹ máa kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Nígbà tí mo kéré, ìyá àgbà a máa jágbe mọ́ mi. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún mi, Mà. Ẹni tó bá wù mí kí n ṣìkẹ́ ni mo máa ń kúnlẹ̀ fún."

Màmá ń wo bí omi ṣe ń gbé òdòdó lọ. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Ó dáa. Bá mi so ó bó ṣe wù ọ́."

Ràdíátù kúnlẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, lórí ìbòrí rẹ̀, ó sì kọjú sómi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó fipá mú un."